Àpá Ẹ̀yìn Bàbá Àgbà

Òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, òórùn òrí àti ooru. Bí Bàbá àgbà bá ti ní kí n wá bá àwọn para, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tún fa kọ́tìnì bò ó kí wọ́n tó bọ́ ẹ̀wù. Ìwọ náà mọ oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó bá ń ta páànù. Èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọ̀nà ọ̀fun mi, síbẹ̀ n ò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé. Láàárín èjìká ọ̀tún wọn àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àpá kan wà níbẹ̀, ó ń dán, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa yún wọn. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú, èmi nìkan ló ń fi òrí pa á, èmi nìkan ló sì mọ̀ pé ó wà. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ohun tí mo bá rí nínú yàrá yẹn, inú yàrá yẹn ni kí n fi sí.

Ọmọ Ìkòyí ni wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Láti Ìkòyí-Ilé ni bàbá Bàbá ti wá tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ni kò mọ ohun tí oríkì wa ń wí? Ọmọ jagunjagun ni wá, a kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú la fi ń gbọgbẹ́. Bí wọ́n bá kì wá bẹ́ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, orí gbogbo ọkùnrin ilé wa á wú, títí kan àwọn tí àgbébọ̀ adìẹ lásán lè lé wọlé. Bàbá ni sójà ilé wa. Wọ́n ja ogun abẹ́lé, ọta ìbọn bà wọ́n, wọ́n sì padà wálé láàyè. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló gbà pé àyà ni ọta náà bà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n, kò sẹ́ni tó wò ó. Oríkì ti sọ fún wọn.

Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga, tí mò ń gbé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà, mo wọ ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kan, mo sì di akéwì wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú ń bọ̀ nínú oṣù Kìíní, olùdarí wa sì kọ eré kan nípa ogun abẹ́lé. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo sọ fún un pé sójà ni bàbá mi àgbà. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni wá, mo ní ọmọ Ìkòyí. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì tún ìparí eré rẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀: Bàbá á jókòó sórí àga lórí ìtàgé, èmi á máa kì wọ́n, bí mo bá ti dé ibi ọgbẹ́ iwájú, wọ́n á dìde, wọ́n á tú bọ́tìnì, wọ́n á fi àpá àyà wọn han gbogbo èrò.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ibẹ̀ kúrò, ó bi mí nídìí. Kí ni kí n wí? Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo tú àṣírí Bàbá. Bí mo bá dákẹ́, ìtìjú ń dúró dè wọ́n níwájú gbogbo ìlú. Mo ní wọ́n máa ń tijú, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Kí n tó délé, òun fúnra rẹ̀ ti lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta wáyà iná ní oríta Takie. Ìyẹn ti gbà lórúkọ Bàbá, ó sì ti pe àwọn mọ̀lẹ́bí títí dé Ọ̀yọ́. Bí Bàbá bá wá ní àwọn ò lọ, gbogbo ilé ló máa fẹ́ mọ ohun tó dé.

Lọ́jọ́ náà, a ti fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn, mo ń fi òrí pa ẹ̀yìn wọn, mo sì ń sunkún. Wọn ò bá mi wí. Mo ròyìn ohun tí olùdarí kọ fún wọn, wọ́n ní:

"Láti ọjọ́ tí mo ti ogun dé ni wọ́n ti wọ oríkì yẹn sí mi lọ́rùn. Ó fún mọ́ mi lára, n ò sì rí i bọ́."

Nígbà tí ọjọ́ pé, họ́ọ̀lù kún. Bàbá jókòó sórí àga nínú bùbá funfun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níwájú pátápátá, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Mo ti pinnu pé màá fo ibi ọgbẹ́ yẹn bí ẹni tó gbàgbé. Ọgbọ́n òmùgọ̀ ni. Ta ló lè fo oríkì níwájú àwọn tó ni ín? Bí mo ṣe dé ibẹ̀ tí mo dákẹ́, àwọn ará ilé wa gbà á lẹ́nu mi, wọ́n parí rẹ̀ fún mi, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Olùdarí ń ṣẹ́wọ́ sí Bàbá láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Bàbá dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan bọ́tìnì, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á jókòó padà.

Wọ́n bọ́ bùbá náà, wọ́n yí ẹ̀yìn sí wa.

"Ibí ló ti bà mí," ni wọ́n wí, láì yíjú padà. "Mò ń sá lọ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀yọ́, kò sá. Òun ló ń yìnbọn kí n lè ráyè sá, kò sì padà wálé. Òun ni kí ẹ kì."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé fóònù rẹ̀ wálẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn bọ́ sára mi, èmi akéwì. Mo bi Bàbá pé ọmọ agboolé wo ni ọ̀rẹ́ wọn, kí n lè mọ oríkì tí màá kì. Wọ́n mi orí. Wọn ò mọ agboolé rẹ̀, orúkọ tí àwọn sójà ń pè é nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, n ò sì ní nǹkan mìíràn láti fi tẹ̀ lé e. Bí eré wa ṣe parí nìyẹn.

Mo ti lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, mo ń béèrè láti agboolé dé agboolé, n ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí. Mo ṣì ń kéwì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹnì kan kalẹ̀ fún mi láti yìn, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ṣẹ́kù sẹ́yìn kí onítọ̀hún tó lè dé ibi tó dé. Ìyìn lè sé èèyàn mọ́lé ju àbùkù lọ. Mo fojú ara mi rí i.

Nígbà tí ooru dé lọ́dún yẹn, Bàbá ní kí n gbé òrí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù níbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lẹ́yìn, àwọn èèyàn ń kí wọn kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ẹ̀wù."

Bàbá ní kó fi àwọn sílẹ̀, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni.