Ìdánwò Lọ́dọ̀ Ìyá Tíṣà

Tíṣà kórìíra ìdánwò fàmì-sí-èyí-tó-tọ́. Láti yàrá rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti rí àwọn tó gba àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn ò lè fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ omi mu. Gbogbo alángbá ló kúkú dakùn délẹ̀! Ló bá dá ọgbọ́n tirẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ bá ìyá òun sọ̀rọ̀ lórí fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá yé Màmá, o yege nìyẹn.

Ọgbọ́n náà dára, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yìí fi ń dáhùn ìpè tẹlifóònù nílé iṣẹ́ ìjọba. Gẹ̀ẹ́sì akólòlò, ti ọ̀mùtí, ti ọ̀gá tínú ń bí, kò sí èyí tí etí rẹ̀ ò tíì gbọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ilé ẹ̀kọ́ tó gba Tíṣà síṣẹ́ fi ń fọwọ́ sí èsì Màmá láìjiyàn.

Wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, wá ríṣẹ́ sókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìwé ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ló bá Màmá sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ó yé yín?" Tíṣà bèèrè láti ilé ìdáná.

"Ọkùnrin yẹn? Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń wí."

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fìdí rẹmi. Ẹnì kẹta nìyẹn láàárín oṣù kan, ló bá ń kùn pé ọ̀lẹ ló pọ̀ nínú àwọn tọdún yìí. Ọ̀lẹ kẹ̀!

Wẹ́dà pè é lọ́jọ́ kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ bá mi wo fídíò yẹn. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mi ni ò dáa, mo gbà."

Tíṣà ní òun á wò ó. Iṣẹ́ ò jẹ́, ó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Háà! Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin náà já gaara. Ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ha ìpẹtà kúrò lára irin kí wọ́n tó jó o pọ̀. Màmá bi í lórúkọ, ó sọ ọ́. Màmá tún bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, wẹ́dà fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó rẹ ohùn wálẹ̀: "Màmá, ṣé kò rẹ̀ yín? Ẹ mu omi díẹ̀."

Màmá bojú wẹ̀yìn. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń kọjá lọ sílé ìdáná. "Ta lobìnrin yẹn?" ni Màmá bi wẹ́dà. "Ta ló mú mi wá sílé yìí?"

Tíṣà wo fídíò àwọn méjì yòókù tó fìdí rẹmi, bákan náà ni. Ó kó ojú bọ aṣọ, ó sunkún, kó tó lè pe wẹ́dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́: wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lánàá.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" ni Tíṣà ń pariwo. "Kí ló dé?"

Wẹ́dà ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló burú jù.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Tíṣà. Ṣebí ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà."