Ojú Bàbá Mi Lára Ògiri Ìjọ Àgùdà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ẹrù ló ń rù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ìjọ Àgùdà ni ìyá mi ń lọ ní tiẹ̀, ìyẹn ò sì dájà sílẹ̀ láàrin wọn rí. Bí bàbá mi bá ti kírun àárọ̀ tán, á pọnmi kún ìkòkò fún un kó tó jáde.

Àsìkò yẹn ni òyìnbó kan láti Ítálì dé sí ìjọ wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọ̀dọ́ ló ti ń ṣe é nílùú wọn kó tó wọkọ̀ òkun wá síbí, ó sì ti ṣe ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan ní Ìbàdàn kó tó kàn wá. Bàbá mi wà lára àwọn tó ru àpótí ọ̀dà rẹ̀ wá láti wọ́ọ̀fù. Bí ọkùnrin náà ṣe rí i tó tẹ̀ ba lábẹ́ ẹrù, ó ní ẹni tí òun ń wá rè é: Símónì ará Kírénè, tó bá Jésù ru àgbélébùú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn ò lè máa gbàdúrà níwájú àwòrán ìmàle. Bàbá mi fúnra rẹ̀ fẹ́ yẹra, kí wọ́n má baà torí òun fojú burúkú wo ìyàwó òun. Òyìnbó náà gbọ́ wọn títí, ó wá sọ̀rọ̀, Fadá sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọn ò bi Símónì léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe kí wọ́n tó gbé igi rù ú. Ó ṣáà bá a rù ú ni."

Àwọn àgbà gbà, bàbá mi náà sì dúró fún un. Òyìnbó náà ya bàbá mi sára ògiri, tòun ti àpá tí ẹrù dá sí i léjìká.

Òyìnbó ti gba ìlú mìíràn lọ nígbà tí àìsàn dá bàbá mi wó, kò sì dìde mọ́. Oyún àbúrò mi wà nínú ìyá mi. A ò ní fọ́tò kankan. Nígbà tó bí ọmọ náà tán, ó gbé e lọ síbi ògiri yẹn, ó ní, "Bàbá ẹ rè é." Ọ̀kan lára àwọn àgbà tó ta ko àwòrán náà wà nítòsí. Ó dìde, ó gbé àga sún mọ́ ògiri, ó ní kí ìyá mi jókòó.

Lónìí, oúnjẹ lásán, ẹ ó ti fi fóònù yà á kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Inú mi ń dùn sí i, nítorí kò ní sí ọmọ tí kò ní mọ ojú bàbá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún wa. Bí mo bá ń ka àwọn olóore mi fún Ọlọ́run, òyìnbó yẹn wà níbẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.