Iye Tí Ògúndìran Pe Ọkọ̀ Rẹ̀

Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà Odomèta wọ Kétu tí kò mọ ìsọ̀ Géraud Ògúndìran. Tólíè ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ara ọkọ̀ tó tẹ̀ tàbí tó họ ṣe. Ọkọ̀ tí màlúù kọlù lọ́nà Kpankou á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á máa wá ibi tó ti tẹ̀ tì. Àmọ́ ìyẹn kọ́ làwọn èèyàn fi ń pe orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ pupa kan tó wà lábẹ́ tapólì ni.

Kàrínà àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ti fi ṣe takisí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ògúndìran rà á, ó bọ́ ara rẹ̀ kúrò bí ẹni bó ẹ̀gẹ́, ó wá fi fáíbà àti irin mọ ara mìíràn fún un. Ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ju méjì lọ, àfi bíi Fẹ̀rárì àwọn ará Ítálì gan-an. Ọjọ́ tí oníbàárà ò bá wá ló fi ń ṣe é, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á fi Faransé pè é ní ọ̀gá, wọ́n á ní, “Pátírọ̀n, Fẹ̀rárì yín yìí, ṣé epo inú ìgò tí ọ̀kadà wa ń mu lòun náà máa mu?”

Ògúndìran a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gẹ̀gẹ̀ ń bẹ lọ́rùn Madeleine ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré, ìborùn ló fi ń bò ó. Ṣùgbọ́n ó ti wá wúwo, ó ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, òkèlè sì ti ń há a. Dókítà ní Kétu ní kí wọ́n lọ gé e ní Kútọnù, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́. Nínú gbogbo ohun tí Ògúndìran ní láyé, ọkọ̀ pupa yẹn nìkan ló lè san owó iṣẹ́ abẹ náà.

Iye tó yẹ kó tà á, ó gbà pé òun mọ̀ ọ́n. Tólíè kan ní Kútọnù ti ṣe irú rẹ̀ rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun sì rà á ní mílíọ̀nù mẹ́fà owó sẹ́fà. Gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ iṣẹ́ wọn ló gbọ́. Látìgbà náà, mílíọ̀nù mẹ́fà ni Ògúndìran ka tirẹ̀ sí.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wá so iye náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ìjọ yẹn, bí ìkórè bá dé, àgbẹ̀ a gbé iṣu wá, oníṣẹ́ ọwọ́ a gbé ohun tí kò tíì rí tà wá. Kálukú a pe iye tó fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun tà á, ìjọ a sì ṣe àmín. Ẹni tó bá pè é kì í dín in kù mọ́. Wọ́n gbà pé ẹni tó dín in kù ti gba àmín àwọn ará padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sí ewu níbẹ̀ fún oníṣu, torí ó mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà. Ògúndìran wa ọkọ̀ rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí fìlà, ó ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Àmín náà dún dé títì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Làmídì wá. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n Kétu ló ti là. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń rà ní èbúté Kútọnù tó ń tà fún àwọn ará òdìkejì ààlà. Ó ní ẹnì kan wà l'Ábẹ́òkúta tó ń fi ọkọ̀ gbé ìyàwó tuntun, ọkọ̀ pupa yìí wù ú kí àwọn tọkọtaya lè máa yàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò san mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Ògúndìran ní mẹ́fà ni. Làmídì ò bínú. Ó jókòó sórí táyà.

“Pátírọ̀n, ojúlówó ni owó rẹ̀ máa ń lé bó ṣe ń dàgbà, torí wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Àfarawé ò rí bẹ́ẹ̀. Owó Kàrínà tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ní. Ìyókù, ojú ẹni tó wù ló wà. Ẹni tó wù yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.”

“Ti Kútọnù ńkọ́, Àlàájì?”

“Ẹyọ kan tí ọmọ olówó rà kì í ṣe ọjà. Nígbà tó fẹ́ tà á, kò rẹ́ni fún un ní mílíọ̀nù kan.”

Ògúndìran ní kó kí oníbàárà rẹ̀. Madeleine tó ń yan àgbàdo lẹ́bàá ògiri gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àfìgbà tí àlejò lọ tán ló tó sọ̀rọ̀.

“Bàbá Ghislaine, ẹ gba owó yẹn.”

“Mo ti pè é níwájú Ọlọ́run.”

“Ẹ̀yin lẹ pè é. Mi ò gbọ́ kí Ọlọ́run pè é.”

Ó ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sọ ọ́ mọ́ lóòótọ́.

Ọlọ́run kì í pẹ́. Ògúndìran ti fi ọ̀rọ̀ yìí tu ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sunkún nínú, kò sì parọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n òjò tètè dé lọ́dún náà. Ọ̀rinrin wọ ibi tí fáíbà ti pàdé irin, ó là. Ọ̀dà pupa náà sì ń wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Àwọn tó wá wò ó ò béèrè nípa ìrísí rẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ní kó ṣí. Ará Abẹ́òkúta ti ra òmíràn.

Ó gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Jean-Baptiste lọ, ó bi í bóyá èèyàn lè bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ ká dín iye kù. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni pásítọ̀. Ó fún un ní àga kó tó fèsì.

“Bí mo bá ní kẹ́ ẹ dín in kù, Bàbá, kí ni mo máa sọ fún àwọn tó ṣe àmín?”

Ògúndìran ní òun wá béèrè ni, torí òun ò mọ̀. Pásítọ̀ ní òun náà ò mọ̀. Wọ́n jọ gbàdúrà. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó rí i pé gbogbo àdúrà tí òun ń gbà láti ìgbà ìkórè, lórí iye yẹn ni. Ó ti pẹ́ tí òun ti dárúkọ ọ̀fun Madeleine gbẹ̀yìn. Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó fẹ́ mọ ẹni tí òun ti ń bá sọ̀rọ̀ látìgbà náà, ẹ̀rù ìbéèrè yẹn sì bà á ju ohun tí àwọn ará ìjọ máa sọ lọ.

Ìgbà tí Madeleine ò lè sùn lórí ẹní mọ́, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ fara ti ògiri kí èémí tó lè kọjá, ni Ògúndìran gba ọ̀dọ̀ Làmídì lọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ni Làmídì lè fún un. Ó ní òun máa tú ẹ́ńjìnnì tà. Olóúnjẹ kan lọ́nà Ìlárá sì fẹ́ gbé ara ọkọ̀ náà síwájú ìsọ̀ kí àwọn ọmọdé máa gùn ún ṣeré. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì rán an létí ohun tó sọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ló dun Ògúndìran jù. Ó gba owó náà. Àwọn kan nínú ìjọ gbọ́, wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ghislaine ọmọ wọn tó wà ní Kútọnù ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kún un.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà kò bá wọn jà. Ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti fẹ̀ wọ inú àyà, ó ti lọ́ mọ́ iṣan tó ń mú ohùn jáde; ká ní wọ́n ti wá ṣáájú òjò ni, òun ì bá lè ya gẹ̀gẹ̀ kúrò lára iṣan náà. Ìyá yóò yè. Ohùn ni òun ò lè ṣèlérí.

Ògúndìran jókòó ti ibùsùn. Ó fẹ́ dúpẹ́, ó sì dúpẹ́, torí ẹ̀mí ni gbogbo rẹ̀. Kò pe iye kankan. Kò mọ bóyá Ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń bínú, tàbí kò ní ọwọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètè Madeleine mì. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú, kò gbọ́. Ó gbé etí rẹ̀ lé e lẹ́nu títí atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ fi kàn án.

Madeleine ní kó lọ jẹun.