Àjẹ̀ Bàbá Àgbà àti Iná Ìsọjí

Láàárọ̀ yìí ni ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí gba iwájú ilé mi kọjá ní Pedro, ní Bàrígà níbí. Ohùn inú rẹ̀ ń ké pé ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti dé, pé májẹ̀mú tí àwọn baba ńlá bá òkùnkùn dá ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, pé kí olúkúlùkù kó ẹrù àwọn baba rẹ̀ wá kí wọ́n dáná sun ún, kí ilẹ̀ yìí lè rí ìtura. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́. Mo gbójú sókè wo àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tó wà lókè ilẹ̀kùn mi, mo ní, "Wọ́n tún ti ń wá ọ o."

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí kò mọ Bàrígà tí mo ń sọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, etí ọ̀sà gan-an ni ilé wa wà, láàárín àwa ará Ìlàjẹ tó ń pẹja. Pákó ni ilé náà, èéfín ẹja sì ti kùn ún dúdú tinú-tẹ̀yìn. Ẹni tó bá jókòó tì wá nínú bọ́ọ̀sì kì í béèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló ń yan ẹja, tó sì ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ṣómólú. Lókè ibùsùn rẹ̀ ni àjẹ̀ yìí wà, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi wa ọkọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Láàárín àwọn apẹja wa, olúkúlùkù ní í fi ọ̀bẹ fín àmì tirẹ̀ sára àjẹ̀. Kì í ṣe fún ẹwà. Bí omi bá dojú ọkọ̀ dé, àjẹ̀ á léfòó, ẹni tó bá rí i á sì mọ ilé tí yóò gbé ìròyìn lọ. Àgbélébùú kan ni Bàbá Àgbà fín sára tirẹ̀, ó wá fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ọ̀sà gbé e lọ, àjẹ̀ nìkan ló padà wálé. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ajíhìnrere kan wá ṣe ìsọjí nínú ìjọ wa. Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ní etí omi ni àwọn ọba ti mulẹ̀ kí wọ́n tó ta ènìyàn fún ọkọ̀ òyìnbó, pé orí májẹ̀mú yẹn ni wọ́n kọ́ orílẹ̀-èdè yìí lé, òun ni kò jẹ́ kí iná dúró, tí omi ẹ̀rọ kò sì yọ. Ó ní kí a wá ohun omi tó bá ní àmì lára nínú ilé wa, kí a kó o wá kí wọ́n sun ún lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Lójú tèmi, bí májẹ̀mú náà bá já lọ́jọ́ Àìkú, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, n kò ní ru omi mọ́.

Bí Ìyá Àgbà ṣe gbé ẹja lọ sí Ṣómólú lẹ́yìn ìsìn, mo gun àpótí, mo já àjẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e lọ sí àgbàlá ìjọ níbi tí iná ti ń jó. Ajíhìnrere rí àmì náà, ó gbé e sókè. "Èdìdì omi rèé!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Inú mi dùn, àfi bí ẹni pé èmi nìkan ni mo gba Nàìjíríà là. Ó jù ú sínú iná.

Ìgbà náà ni mo rí Ìyá Àgbà tó ń bọ̀, agbọ̀n òfìfo lórí. Àwọn kan ti sọ fún un lọ́nà. Ó ki ọwọ́ bọ iná, ó fa àjẹ̀ yọ, ó fi ìró rẹ̀ pa ẹ̀ṣẹ́ná tó wà létí rẹ̀.

"Àgbélébùú lẹ pè ní èdìdì omi yẹn," ló wí. "Àwọn ọmọ tí ìjọ yìí ṣèrìbọmi fún ni ìlà mẹ́ta yẹn. Mi ò ní sàréè ọkọ mi kankan yàtọ̀ sí àjẹ̀ yìí. Bí igi yìí bá lè dá Ọlọ́run dúró, á jẹ́ pé Ọlọ́run tiyín kéré sí tèmi."

Àwọn àgbà ìjọ ní títí yóò fi dá àjẹ̀ náà padà sínú iná, kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run, kò sì gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ó ní ó dáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé ìjọ, ó gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì ń kọrin ju àwọn akọrin lọ. Òjò pa á níbẹ̀, oòrùn pa á níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rò pé yóò rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Ajíhìnrere ti lọ tipẹ́ kí pásítọ̀ ìjọ wa tó jáde wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àjẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ìyá Àgbà kò nà mí. Ìbá nà mí, ojú kì bá tì mí tó bẹ́ẹ̀. Àkísà àti epo pupa ló gbé fún mi, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti bó tọ́ka sí ibi tó jó. "Ọwọ́ rẹ ló gbé e lọ," ó ní, "ọwọ́ rẹ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀." Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń fi epo pa á, mo sì ń sunkún.

Wọ́n ti da yanrìn sí ibi tí ilé wa wà, ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Omi ẹ̀rọ kò tíì yọ. Èmi náà ń gbàdúrà fún ìsọjí, mo fẹ́ ẹ ju ẹni tó ń pariwo lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyà ilẹ̀ yìí kọ́ ọkọ Ìyá Àgbà lọ́rùn.

Lọ́sàn-án, arábìnrin kan láti ìjọ tó ni ọkọ̀ àárọ̀ yẹn kanlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ojú rẹ̀ sì lọ sókè sí àjẹ̀. "Mama, ṣé ẹ máa mú ìyẹn wá?"

"Màá mú un wá, ọmọ mi," mo ní. "Ẹ bá wa fi àyè ẹni méjì sílẹ̀ níwájú."

Nígbà tó lọ, mo já àjẹ̀ náà sílẹ̀, mo bu epo pupa sórí àkísà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á.