Ọ̀dà Dúdú Lára Ògiri Ilé Wa

Funfun ni mo ní kí pẹ́ńtà kun ilé. Lójú tèmi, ilé tó bá funfun máa ń jọ ilé tí kò ní ẹjọ́.

Nígbà náà, owó epo ti wọ ìlú. Ní Ẹ̀gbẹ́dá níbi tí à ń gbé, ilé ń hù láàárín oko ẹ̀gẹ́ bí olú, sìmẹ́ńtì sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ilé tó ti parí kì í pẹ́ kó tó rí oníbàárà. Tèmi ni kò rí. Ìyàwó mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú, àwọn ọmọ sì ti lọ sílé ọkọ. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó di ẹni tí wọ́n ń gbé padà. Ẹni méjì ti wá wo ilé náà. Wọ́n ka ohun tó wà lára ògiri iwájú, wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n kò sì rí wọn mọ́. Ẹnì kẹta, Àlhájì kan tó ń ta táyà ní Ìyànà Ìpájà, tó sì ń kó o lọ Kánò, ní òun àti ìyàwó òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Ohun tó wà lára ògiri náà ni: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, a lọ sìnkú bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a padà dé, aládùúgbò wa sọ pé ọkùnrin kan ń mú àwọn èèyàn wá wo ilé wa, ó ní àbúrò mi ni òun, pé mo ti kú. Ìyàwó mi kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní kí n gbé àkàbà. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Òun kò mọ̀wé rárá. Ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Ẹ kọ ọ́ kó tóbi," ló ń wí. "Kí olè tó wà ní Àgbàdo lè kà á."

Káfíńtà ni mí. Ọ̀dà dúdú tí à ń fi kun igi àjà nítorí ikán ni mo fi kọ ọ́. Mo fẹ́ kó pẹ́.

Ó pẹ́.

Ní Ọjọ́rú, pẹ́ńtà náà, ọmọ Ìbàdàn tó lẹ́nu, kun ògiri náà. Ó funfun báláú. Nígbà tí oòrùn mú un, ọ̀rọ̀ náà yọ padà, ó pọ́n bí omi àgbo. Ó tún un kùn, ó tún yọ. Ní Ọjọ́bọ̀ ó kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá, kí lẹ fi kọ nǹkan yìí?"

"Ọ̀dà igi."

"Háà! Ohun tí ikán ò lè jẹ, ẹ ní kí pẹ́ǹtì jẹ ẹ́. Àfi kí ẹ wó ògiri ṣá."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ó wà. Ẹ wá oníbàárà tí kò mọ̀wé, jàre."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ní Jímọ̀ mo fi ọ̀bẹ ha á títí ọwọ́ mi fi bó. Ògiri náà wá dà bí ojú egbò, síbẹ̀ ọmọdé á kà á. Ní àárọ̀ Sátidé mo to pákó gígùn lóòró ti ibẹ̀, bí ẹni tó ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo gbá iwájú ilé lẹ́ẹ̀mẹta.

Àlhájì wo inú ilé, ó lu ilẹ̀kùn, ó gbóríyìn fún àjà. Ìta ni ìyàwó rẹ̀ dúró sí.

"Bàbá, gbogbo ògiri yín ló ń dán. Kí lẹ fi pákó bò níbí?"

Ẹnu mi kò yá sí irọ́. Mo gbé pákó náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlhájì kà á sókè, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, ta lẹ ń bá ṣẹjọ́?"

"Kò sí, Àlhájì."

Mo wá sọ ti ọkùnrin tó ní mo ti kú àti ti àkàbà náà. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó mi. "Ẹni tó ní kí n kọ ọ́ ti lọ," ni mo fi parí rẹ̀.

Àlhájì lọ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Mo dúró ti pákó mi, mo ń wo ẹnu ọ̀nà wọn. Ó pẹ́ lójú mi kí àwọn méjèèjì tó jáde.

"Òótọ́ ni, Àlhájì!" ni aládùúgbò ń wí. "Èmi náà ti fẹ́ máa sunkún rẹ̀ kí n tó rí i lórí ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Ìyàwó Àlhájì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò ní Kánò, ta ni yóò máa bá wa ṣọ́ ilé? Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ara ògiri yìí wà níbẹ̀."

Àlhájì wo ògiri, ó wò mí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ti ha á jákujàku, Bàbá. Ẹ máa tún un kọ fún wa ni o."

A parí ọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ilé ti di tiwọn kí n tó gbé agolo ọ̀dà jáde. Mo fi òkúta méjì ti ẹsẹ̀ àkàbà, nítorí kò sí ẹni tó dì í mú. Ó ń mì díẹ̀. Mo kọ ọ́ kó tóbi.