Ọ̀rọ̀ Tí Sáfà Tú Síta

Èéfín èèpo àgbọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Ajara, kí n tó mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá onílé mi a máa fi èèpo àgbọn yan ẹja lẹ́yìnkùlé, èéfín náà a sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà, á dúró sára aṣọ, á dúró sára ìrọ̀rí, débi pé tí mo bá lọ ra nǹkan ní Badagry, ọlọ́kadà á bi mí bóyá ẹja ni mo ń tà. Mi ò bínú sí i. Òun nìkan ló ń wọlé tọ̀ mí wá nígbà náà.

O mọ̀ mí, èmi kì í ṣe ẹni tó ń ro ẹjọ́ ara ẹ̀ kiri. Ìyá mi ti kú lóṣù díẹ̀ ṣáájú. A sin wọ́n tán, àwọn àlejò jẹun tán, kálukú wá ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ, èmi náà sì kó kọ̀ǹpútà mi, mo wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí lọ. Mi ò sọ fún ẹnì kankan ní Ajara pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí. "Ẹ káàárọ̀ mà," "ẹ kú ọ̀sán mà," ibẹ̀ ni èmi àti ìyá onílé ń parí ẹ̀ sí. Mo rò pé wọn ò ka àlejò sí. Àwọn náà rò pé mo ń gbéra ga ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí ohùn mi á ha bí mo bá fẹ́ dá ẹni tó ń ta búrẹ́dì lóhùn, torí mi ò tíì lò ó láti àárọ̀. Àdáwà ò dáa, ọ̀rẹ́ mi, bó ti wù kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ yàn án tó.

Ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò náà ló wá gbé iṣẹ́ fún mi. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn tó wà ní Kútọnu àti ní ìlú òyìnbó lè kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wálé fún ọdún sórí ìkànnì ẹgbẹ́, kí ìkànnì sì dá kálukú lóhùn lójú ẹsẹ̀, kó kí i káàbọ̀. Ìkànnì tó kàn ń fi àwòrán hàn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde fún aráyé. Èmi ni mo kọ ètò náà. Tí a bá ń kọ irú ẹ̀, àyè wà láti fi ọ̀rọ̀ tìẹ sáàárín: o máa fi àmì kan ṣáájú ìlà, ẹ̀rọ á fò ó kọjá, ẹni tó ń wo ìkànnì ò sì ní rí i láé. Àlàyé iṣẹ́ làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ síbẹ̀. Ìyá mi lèmi ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà ayé wọn, wọn ò mọ ohun tí ń jẹ́ sáfà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í yọrí kí n má pè wọ́n. "Ó ti ṣiṣẹ́ o, mà," èmi á wí. "Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀," wọ́n á fèsì, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ètò náà ń ṣiṣẹ́ geere. Mo gbé e sórí sáfà tí ẹgbẹ́ háyà lọ́sàn-án Sátidé kan, torí ìpàdé ku ọ̀la, akọ̀wé wọn, obìnrin olùkọ́ kan tó ń gbé ní Ìjànikin, sì ti wá wò ó. Ó jókòó ti ìyá onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí i lórí fóònù ẹ̀. Èmi wà ní yàrá, mo ń retí kó yìn mí. Ẹ̀rín ni mo gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lèyí? Gírámà kọ̀ǹpútà ló kún ojú fóònù mi o!"

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dìde. Bí o ò bá sọ fún sáfà pé ètò ni fáìlì kan, pé ṣe ni kó ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀, yóò gbà pé ìwé kíkà lásán ni, yóò sì tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fáráyé. Kọ̀ǹpútà tèmi ti mọ èyí tipẹ́, mo wá gbàgbé pé sáfà yẹn ò mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ti ń kà á sókè fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfi bí ohùn ẹ̀ ṣe rọlẹ̀ lójijì.

"'Ìyá mi, apá yìí ti ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, kò sẹ́ni tí mo máa sọ fún.'" Ó ka ìlà mìíràn. "'Ìyá mi, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ mi gbẹ̀yìn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.'"

Ìtìjú bò mí. Mo fa àpò mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju aṣọ sínú ẹ̀. Mo ti pinnu pé màá tún nǹkan náà ṣe láti ibòmíràn, mi ò sì ní fojú kan Ajara mọ́. Ìyá onílé ò kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wọlé tààrà, ọwọ́ wọn ṣì dúdú fún èédú, wọ́n wo àpò, wọ́n wò mí.

"Ovi ṣie," wọ́n ní, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ wọn nìyẹn. "Ìyá ẹ kú, o gbé ọ̀fọ̀ wọ ilé mi, o ò jẹ́ ká kí ẹ?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni."

"Ta ló sọ pé o yọ wá lẹ́nu? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó yá, jáde wá."

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé àti àwọn ti òdìkejì. Àwọn tí mo rò pé wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí mi kú ọ̀fọ̀ bí ẹni pé àná ni ìyá mi kú. Wọ́n béèrè orúkọ ìyá. Wọ́n béèrè oúnjẹ tí ìyá fẹ́ràn. Ibi tí mo ti fẹ́ dáhùn ìyẹn ni ẹkún ti gbà mí, ẹkún tí mi ò sun níbi ìsìnkú, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Akọ̀wé ló bu omi fún mi.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo padà sídìí iṣẹ́. Kò gbà ju ìlà díẹ̀ lọ: mo sọ fún sáfà pé kó máa ṣe ohun tó wà nínú fáìlì yẹn, kó má fi í hàn, mo sì fún fáìlì náà láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Akọ̀wé tún ṣí i. Ìkànnì kí i káàbọ̀, ó béèrè ọjọ́ tó ń wálé. Ìyá onílé na ọrùn wo fóònù náà, wọ́n wá fajú ro.

"Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé o ti pa á rẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kàn lè rí i mọ́ ni."

Wọ́n ní, "Kò burú. Àwa ti rí i."

Mo ti kúrò ní Ajara báyìí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo ṣì ń dá wà, ilé tí mo wà sì dákẹ́ jù. Mo ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá mi sáàárín ètò. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó tì mí lójú jù lẹ́nu iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí wọ́n bá mi dárò ìyá mi, mi ò sì jẹ́ dákẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí iṣẹ́ bá yọrí, mo máa ń pe ìyá onílé.

"Ó ti ṣiṣẹ́ o, mà," èmi á wí.

"Ó dáa, ovi ṣie," wọ́n á fèsì, láìbéèrè ohun tó ṣiṣẹ́. "Ṣé o ti jẹun?"