Orí Adìyẹ Tí Siu-kim Fà Mu

Ìró tó pẹ́ jù létí àwa ọmọ èbúté Kilung ni bí Àǹtí Siu-kim ṣe fa orí adìyẹ mu níbi àsè ìparí ọdún. Abẹ́ tábìlì ni a wà. Ẹni tí ọ̀gá bá kọjú orí adìyẹ sí níbi àsè yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá Tsai, tó ni hòtẹ́ẹ̀lì, fọwọ́ ara rẹ̀ yí àwo náà títí orí fi kọjú sí Siu-kim, tó ń bá a ra ẹja. Siu-kim ṣẹ́ orí náà, ó fà á mu tán, ó nu ẹnu.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọrùn ńkọ́?"

Ẹja Kapitéènì Hung, ọlọ́kọ̀ ìpẹja kan, ló kọ̀ láti rà tí wọ́n fi lé e. Siu-kim kì í ra ẹja láì kọ́kọ́ gun ọkọ̀, kó ṣí ìkòkò àwọn atukọ̀, kó sì bù ú jẹ. Ẹja ìjẹ ẹnu ìwọ̀ tó ti jẹrà ló bá nínú ìkòkò Hung.

"Àǹtí, ṣé ẹja lẹ wá rà ni, àbí ẹ fẹ́ di ìyàwó ilé wa?" Hung bi í.

"Ìyàwó ta? Ìjẹ tí ẹja gan-an ò jẹ mọ́, òun lo fi ń bọ́ èèyàn."

Wahyudi, atukọ̀ kan láti erékùṣù Jáfà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó di ikùn mú.

Siu-kim lọ bá Tsai. "Tí a ò bá ra ẹja rẹ̀, ọ̀gá, á bọ́ àwọn atukọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ń kú lọ."

"Àlejò mi kan ò bèèrè ohun tí atukọ̀ jẹ rí."

"Èmi ń bèèrè."

Ẹni tó gba ipò rẹ̀ kì í ṣí ìkòkò. Ó ra gbogbo ẹja Hung, ọkọ̀ sì padà sójú òkun. Nígbà tó dé, Wahyudi ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Inú omi ni wọ́n sin ín sí. Àwọn àlejò Tsai ní ẹja náà dùn.

Lọ́jọ́ tí a sin Siu-kim, a sọ ìtàn orí adìyẹ, a rẹ́rìn-ín títí a fi dé orí àpò ẹrù Wahyudi. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti máa ń tán. Siu-kim làwọn atukọ̀ gbé àpò náà fún, torí kò sẹ́lòmíì tó bèèrè ọkùnrin náà. Wọ́n fẹ́ bá a fọ ẹ̀wù inú rẹ̀.

"Ẹ lọ sinmi," ló wí. "Ojú yín ti pọ́n jù."

Ó fọ àwọn ẹ̀wù náà, ó sá wọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó rí i pé bọ́tìnnì ọ̀kan ti já. Ó tú ọ̀kan lára aṣọ tirẹ̀, ó rán an mọ́ ọn, kí ìyàwó Wahyudi ní Jáfà lè gbà á ní pípé. Ó fi eyín já òwú.